Dírónì wo ni kí n rà tí màá fi wo òrùlé ilé mi, tí màá tún fi ṣeré?

Ní agbègbè Dallas tí mò ń gbé, yìnyín là ń bẹ̀rù ju ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Kẹfà, òjò lè ṣàdédé ṣú lọ́sàn-án gangan, kí yìnyín tó tóbi bíi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sì máa rọ́ lu òrùlé. Bó bá ti dá báyìí, àwọn oníṣẹ́ òrùlé á gbéra, wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé: "Òrùlé yín ti bàjẹ́ o." Ta ló wá fẹ́ gun àkàbà lọ wò ó bóyá òótọ́ ni? Ìdí nìyẹn tí àwọn ará wa fi ń pè mí nípa dírónì, torí wọ́n mọ̀ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń wà á. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù rèé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ilé alájà méjì ni tèmi. Ṣé dírónì kékeré tó ń wọ àpò yẹn lè rí ìbàjẹ́ orí òrùlé lóòótọ́, àbí kí n kúkú ra ńlá?

Kékeré yẹn tó. Òrùlé yín ò jìnnà, dírónì sì lè sún mọ́ ọn tó mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láti ibẹ̀, kámẹ́rà tí kò tilẹ̀ lágbára púpọ̀ á fi shingle, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé níbí, tó ti ṣí létí hàn yín, á fi ìṣó tó yọrí hàn, á fi ewé tó dí gọ́tà hàn. Ibi tí yìnyín bà ló ṣòroó rí díẹ̀. Ó máa ń dà bí àpá dúdú roboto, níbi tí yanrìn wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sójú shingle ti re dànù. Kámẹ́rà tó dára díẹ̀ ló ń gbé ìyẹn yọ.

Ohun tí mo máa ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wò ni apá tí kámẹ́rà fi so rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní gimbal. Bí atẹ́gùn bá ń ti dírónì síhìn-ín sọ́hùn-ún, gimbal ló ń mú kámẹ́rà dúró lójú kan. Òun náà ló ń jẹ́ kí ẹ lè yí kámẹ́rà dojú kọlẹ̀ pátápátá. Dírónì tí kò ní in, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí gbogbo wọn fi wọn gíráàmù 249? Ṣé gíráàmù kan péré ló kù kí wọ́n fi pé 250 ni?

Òfin ni wọ́n ń sá fún. Ní Amẹ́ríkà, FAA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ojú òfurufú, sọ pé ẹni tó bá ń fi dírónì ṣeré lásán kò ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí kò bá tó gíráàmù 250. Àwọn tó ń ṣe é náà jókòó, wọ́n fá ara rẹ̀ títí ó fi ku gíráàmù kan. Ẹ ṣọ́ra fún bátìrì ńlá tí wọ́n ń tà mọ́ àwọn kan nínú wọn o. Bí ẹ bá ti ki í bọ̀ ọ́, ó ti kọjá 250 nìyẹn.

Ìbéèrè: Mi ò ní gbowó lọ́wọ́ ẹnì kankan, ilé ara mi ni mo fẹ́ wò. Èwo wá ni ti ìwé àṣẹ?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta dírónì ò sì ní sọ ọ́ fún yín.

Òfin Amẹ́ríkà ò béèrè bóyá ẹ gbowó. Ohun tó ń béèrè ni ìdí tí ẹ fi gbé dírónì sókè. Ẹni tó gbé e sókè fún ìgbádùn nìkan ni ìdẹ̀ra wà fún. Nígbà tí FAA fúnra wọn ń ṣàpẹẹrẹ ohun tí kì í ṣe eré, wọ́n dárúkọ yíyẹ òrùlé wò sínú rẹ̀. Ẹ rí i bí? Dírónì kan náà, ẹni kan náà, ọjọ́ Sátidé kan náà: láàárọ̀ tí ẹ fi ń wo adágún omi, eré ni, lọ́sàn-án tí ẹ fi wo òrùlé yín, iṣẹ́ ni.

Fún eré, ìdánwò tí wọ́n ń pè ní TRUST lẹ máa ṣe. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ẹni tó ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀: bí ẹ bá ṣì í, wọ́n á sọ ìdáhùn fún yín, ẹ ó sì máa bá a lọ. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sórí fóònù.

Fún iṣẹ́, òfin tí wọ́n ń pè ní Part 107 ló de yín. Ẹ gbọ́dọ̀ ti tó ọmọ ọdún 16. Ẹ ó lọ sí ibùdó ìdánwò, ẹ ó san dọ́là 175, ẹ ó dáhùn ìbéèrè 60, ẹ ó sì gba ó kéré tán ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó máa ṣe ní gbogbo oṣù 24. Ohun tó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé lábẹ́ Part 107, gíráàmù 249 ò gbani mọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ san dọ́là márùn-ún láti forúkọ dírónì náà sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó sì gbọ́dọ̀ ní Remote ID, ìyẹn bí dírónì ṣe ń kéde nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó wà àti ibi tí ẹ ti ń wà á, fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó lè gbà á.

Èmi ṣe ìdánwò náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin ló fẹ́ gbé mi ṣubú, àwòrán ilẹ̀ tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo ọpọ́n Ifá. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ẹni tó ń fi dírónì wo òrùlé ló ní ìwé yìí. Àmọ́ owó ìtanràn FAA lè tó dọ́là 75,000 lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo, dọ́là 175 sì rọrùn ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ti gbàwé, ọ̀nà mìíràn wà: òfin gbà kí ẹ di rìmóòtù mú tí onítọ̀hún bá dúró tì yín, tó ń darí yín, tó sì lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Èyí ti jẹ́ kí ọmọ ọdún 17 kan tí mo mọ̀ di ọ̀gá bàbá rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Bí ilé yín bá wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú, bíi ti àwa tí DFW àti Love Field yí ká, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí dírónì tó gbéra, ì báà jẹ́ eré tàbí iṣẹ́. Orí fóònù lẹ ti máa ṣe é, nípasẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní LAANC. Ìdáhùn sábà máa ń dé kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ìbéèrè: Ní tèmi, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí?

Rárá. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n ti pa ìyàtọ̀ láàárín eré àti iṣẹ́ rẹ́ níbẹ̀, àfi ti adójútòfò tó di dandan fún ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n àti ibi tí ẹ ti ń wà á ni wọ́n ń wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, dírónì tó bá ti tó gíráàmù 100 ń fẹ́ ìdánwò Flyer ID, ìyẹn nọ́ńbà ẹni tó ń wà á. Bó bá ní kámẹ́rà, ó ń fẹ́ Operator ID, ìyẹn nọ́ńbà ẹni tó ni ín, pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ẹ dárúkọ ẹ. Èwo gan-an ni kí n rà?

Bó bá jẹ́ èmi ni, Mini 4 Pro ti DJI, ilé iṣẹ́ Ṣáínà tó ń ṣe dírónì. Ọdún 2023 ló jáde, dọ́là 759 ni wọ́n fi gbé e wọ ọjà. Ojú tó ní yípo ló jẹ́ kí n yàn án: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, òkè, ìsàlẹ̀, ó ń rí ohun tó bá dínà, ó sì ń dúró. Ẹni tó bá ń wa dírónì lẹ́bàá ògiri àti ihò èéfín nílò ìyẹn ju kámẹ́rà lọ. Wọ́n ní ìṣẹ́jú 34 ló ń lò lókè, àmọ́ ẹ fi sí 25.

Bí owó ò bá tó, Mini 4K jáde ní dọ́là 299 lọ́dún 2024. Àwòrán rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ nìkan ló ń rí. Nínú àgbàlá tí kò ní igi, ó tó. Èyí tó ń jẹ́ Air 3 ní kámẹ́rà kejì tó ń fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́ta, ẹ lè dúró lọ́nà jíjìn kí ẹ sì ka ìṣó. Àmọ́ gíráàmù 720 ni, fífi orúkọ sílẹ̀ di dandan fún eré pàápàá. Neo, gíráàmù 135, ń gbéra láti àtẹ́lẹwọ́. Ẹ rà á fún ọjọ́ ìbí ọmọ. Atẹ́gùn orí òrùlé á gbé e lọ.

Ìbéèrè: Èyí tí mo rí ní dọ́là 60, tí wọ́n kọ 4K sí lára, pé àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ńkọ́?

Ẹ fi owó yẹn ra ìrẹsì.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de DJI. Ṣé kì í ṣe pé màá ra ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi?

Wọn ò ní gbà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, FCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, fi àwọn dírónì tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè sínú ìwé àwọn ohun tí wọn ò ní fún ní àṣẹ tuntun. Àwòṣe tuntun ló kàn. Èyí tó ti gbàṣẹ tẹ́lẹ̀, ẹ lè rà á, ẹ sì lè máa wà á. Ìnira tó wà níbẹ̀ ni pé ọjà ń tán lórí àtẹ, iye rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò. Bí ẹ bá rí bátìrì kejì rà, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fi kọlu ilé. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Mo ti kọlu igi rí, kí n sọ ọ́. Mini 2 tí mo kọ́kọ́ rà kò gbọ́ rìmóòtù mọ́ nígbà tí mo gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, dírónì máa ń gòkè lọ sí ibi gíga tí ẹ ti yàn fún un, lẹ́yìn náà ni yóò darí sílé. Mítà 20 ni mo yàn. Igi pecan aládùúgbò mi ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àkàbà tí mo ń sá fún náà ni mo gùn lọ mú un. Nítorí náà, kó tó gbéra, ẹ wo igi tó ga jù ládùúgbò, kí ẹ fi mítà mẹ́wàá lé e.

Ẹ má ṣe gbé e gbéra lórí kọnkéré. Irin tó wà nínú rẹ̀ máa ń da atọ́nà dírónì láàmú, kò ní mọ ìlà oòrùn yàtọ̀ sí ìwọ̀ oòrùn mọ́. Orí koríko ló dára. Ẹ tún ṣọ́ wáyà iná: ojú dírónì, bó ti wù kó pọ̀ tó, kì í rí wáyà tín-ín-rín. Atẹ́gùn tó bá gun òrùlé dé góńgó máa ń yí bìrí sísàlẹ̀ ní ẹ̀yìn ibẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tí ẹ rò pé ó parọ́rọ́ ló máa ń ti dírónì jù.

Ti oòrùn náà wà níbẹ̀. Bó bá wà ní àtàrí, òjìji kì í sí, àpá yìnyín á sì fara sin. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni kí ẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo òrùlé láti òkè, kí ẹ tó wá súnmọ́ apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kámẹ́rà tó dojú kọ ọ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún aládùúgbò tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ojú kan máa fò lókè àgbàlá òun láìmọ ẹni tó ni ín.

Àwòrán tó wúlò jù lọ ni èyí tí ẹ yà kí yìnyín tó dé. Nígbà tí aṣojú adójútòfò bá ní àpá náà ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ ó gbé ti oṣù Kejì sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò wá ní nílò oníṣẹ́ òrùlé mọ́?

Ẹ ṣì nílò rẹ̀. Dírónì ń wò ni, kì í tẹ nǹkan. Pákó tó ti rà lábẹ́ shingle, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń mọ̀ ọ́n. Ibi tí òrùlé ti ń jò sì lè jìnnà sí ibi tí omi ti ń kán sínú yàrá. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì wọ inú àjà lọ wò ó.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́lé sí Ìbàdàn. Ṣé kí n ti dírónì bọ àpótí lọ fi wo òrùlé ọ̀hún?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ láti Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ètò Ààbò Orílẹ̀-èdè, ONSA, gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí dírónì tó wọ̀lú. Láti wà á, ẹ tún nílò àṣẹ NCAA, àwọn tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú; láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápákọ̀ òfurufú mọ àpótí dírónì dáadáa, ẹjọ́ pé ohun ìṣeré ni kì í sì í wọ̀ wọ́n létí.

Ẹ wá ayàwòrán tó ní àṣẹ níbẹ̀, kí ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn bá wọ́n jù, kápẹ́ńtà tó kan páànù náà mọ ọ̀nà òkè. Ẹ ní kó gbé fóònù dání, kó ya fídíò gbogbo ojú páànù àti gbogbo ìṣó ibi tí omi ti ń wọlé, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kó sì ti fi fídíò yẹn ránṣẹ́ kó tó dárúkọ iye páànù tó fẹ́ rà.