Bí ọyẹ́ ṣe ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe iṣẹ́ ọwọ́

Láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, á gbé eruku bo àwọn òkè tó yí Kàbà ká ní ìpínlẹ̀ Kogí, á sì gbé e dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Àkókò yìí kan náà ni òtútù ń mú ní Yúróòpù àti àríwá Amẹ́ríkà, tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń fi bébà, òwú àti iyọ̀ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké bí òjò dídì ṣe rí. Kò burú rárá kí ọmọ Mọ̀pà náà gé òjò dídì látinú bébà. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ ni pé ọyẹ́ ló máa pinnu bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí: ó ń gbé àwọn kan yọ, ó sì ń ba àwọn kan jẹ́.

Iṣẹ́ omi iyọ̀ ló bá ọyẹ́ mu jù. Olùkọ́ á da iyọ̀ sínú omi gbígbóná, á máa rò ó títí iyọ̀ kò fi ní lè yọ́ mọ́, tí díẹ̀ á jókòó sí ìsàlẹ̀ ife. Tó bá ti tutù, ọmọ á ki igi orín tuntun tí a ti fi òkúta tẹ ẹnu rẹ̀ di búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, á fi ya ohun tó bá wù ú sórí bébà dúdú. Lákọ̀ọ́kọ́, bébà tútù lásán ni ojú máa rí. Àmọ́ omi ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, iyọ̀ kò lè bá a lọ; bí omi ṣe ń dín kù ni iyọ̀ ń so mọ́ra ní ẹyọ wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin, tó ń dán yanran bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Nígbà òjò, bébà yẹn lè tutù di ọjọ́ kejì, torí iyọ̀ ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Nígbà ọyẹ́, èyí tí ọmọ yà láàárọ̀ lè bá a délé lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ yìí náà ló ń la ọmọ lọ́wọ́, iyọ̀ sì máa ń ta ibi tó bá là. Ọmọ tí ìka rẹ̀ ti sán, iṣẹ́ mìíràn ni kí a fún un. Kí àwọn yòókù fọ ọwọ́ tí wọ́n bá ṣe tán, kí a fi òrí pa á fún wọn.

Bébà gígé ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Igun mẹ́fà ni òjò dídì ní, nítorí bí omi ṣe ń to ara rẹ̀ nígbà tó bá ń dì nìyẹn. Wilson Bentley, àgbẹ̀ kan ní Vermont ní Amẹ́ríkà, ya fọ́tò ẹyọ òjò dídì kan ní 1885. Kó tó kú ní 1931, ó ti ya ju 5,000 lọ. Nínú ìkùukùu, eruku wẹ́wẹ́ ni omi sábà máa ń dì mọ́ kó tó di òjò dídì, eruku Sàhárà tó ń bà lé tábìlì kíláàsì ní Kàbà sì wà lára irú eruku tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó yẹ kí ọmọ gbọ́ èyí, kó fi ìka kan eruku náà.

Olùkọ́ á fi abọ́ wọn òbìrí sórí bébà fẹ́lẹ́, á gé e, á ká a sí méjì, á ká ìlàjì yẹn sí mẹ́ta tó dọ́gba, á wá tún ká a sí méjì. Ó di ìpele 12. Bí a bá kàn ń ká a sí méjì-méjì, igun mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ló máa jáde. Páálí kò ṣe é lò. Ewé inú ìwé ẹ̀sáìsì tàbí ìwé ìròyìn ló dáa. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè ká a, kò sì yẹ kí a retí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ni kó fi sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kò ṣe ṣóńṣó gé etí rẹ̀ níbi tó bá wù ú. Ìka tó ń ṣí sísọ́ọ̀sì, tó ń pa á dé, ìka yẹn ló ń gbára dì láti di pẹ́nsù mú.

Òwú lílẹ̀ kò gba wàhálà, ó sì yẹ ilẹ̀ tí àwọn obìnrin Bùnú, ẹ̀yà Yorùbá kan ní agbègbè Kàbà, ti máa ń hun aṣọ òwú láyé àtijọ́. Ògì tí a fi omi gbígbóná dì ló tó fi lẹ̀ ẹ́. Kí ó fẹ́lẹ́ o! Bí ògì bá pọ̀, ojú tí a fi kùn yóò sún kì bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ ẹ́, bébà á ká kò. Kí a tẹ́ pátákó lé etí rẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Amọ̀ ni ọyẹ́ ń bá jà. Ara òde rẹ̀ á gbẹ, á sún kì, nígbà tí inú ṣì tutù, ni ó bá sán. Nítorí náà, kí ohun tí ọmọ mọ má nípọn ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ, kí a fi àkísà tútù bò ó, kí a gbé e sí ìbòòji, kí a máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Àgbàdo àti èèpo ẹ̀gúsí dára láti tẹ̀ mọ́ ọn lára, bí olùkọ́ bá ń ṣọ́ imú àti ẹnu àwọn ọmọ. Kóró kaṣú tútù kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá, bó ti wù kó pọ̀ tó lábẹ́ igi, torí òróró inú èèpo rẹ̀ ń bó ènìyàn lára. Bí a bá fi èékánná kan amọ̀ náà tó dún kó-kó, ó ti gbẹ dénú. Ọmọ lè wá fi ẹfun tàbí osùn kùn ún.