Windows 10 tàbí Windows 11: bí a ṣe lè mọ èyí tó yẹ kọ̀ǹpútà ilé

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe tó máa ń ṣe déédéé fún Windows 10 dúró, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ètò náà ti wà lóde. Kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kò kú lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń tàn, fáìlì ṣì ń ṣí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń tẹ̀wé bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé kò sóhun tó yí padà, tí wọ́n sì ń fi ojú ẹwà nìkan wo Windows 11, tó jáde ní ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ ààbò ló yẹ kó ṣíwájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní ihò. Ènìyàn ló kọ àwọn àṣẹ tó wà nínú Windows, àṣìṣe sì wà níbẹ̀ tó lè jẹ́ kí àjèjì gba inú fáìlì kan wọlé, kí ó sì máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ni Microsoft máa ń kó àtúnṣe jáde láti dí àwọn ihò tí wọ́n bá rí. Àmọ́ àtúnṣe yìí kan náà ló ń júwe ihò náà fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Àwọn ọ̀daràn tó mọṣẹ́ a máa gbé fáìlì àná àti ti òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn a wo ohun tó yàtọ̀, wọn a sì ti mọ ibi tí àléébù wà. Nígbà tó sì jẹ́ pé orí Windows 10 ni wọ́n ti kọ́ Windows 11, ọ̀pọ̀ ihò tí wọ́n dí nínú ti tuntun ló ṣì là sílẹ̀ gbayawu nínú ti àtijọ́. Oṣù dé oṣù ni ewu ń ga sí i fún ẹni tí àtúnṣe kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa mọ́ wọn lọ́wọ́ káàkiri ayé, ó sì da iṣẹ́ rú ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún náà ni àtúnṣe tó dí ihò yẹn ti jáde.

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tó bá lè gba Windows 11 kò ní ìdí pàtàkì kan láti dúró sẹ́yìn, pàápàá tí wọ́n bá ń fi í wọ báǹkì tàbí ka lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ sì ni ìgbésókè náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń gbà á. Ó ń béèrè RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4 GB àti àyè ìpamọ́ 64 GB ó kéré tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnira ni 4 GB yóò jẹ́ fún ẹni tó bá ń ṣí ojú-ìwé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ń béèrè TPM 2.0, èyí tó ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí kọ̀ǹpútà mọ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ní in tí wọn kò tan án. Kí a tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, kí a kọ tpm.msc, ojú-ìwé tó bá jáde yóò sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ àti irú èyí tó jẹ́.

Processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Bí a bá yọ ìwọ̀nba díẹ̀ kúrò, ti Intel gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ tàbí èyí tó tẹ̀lé e. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àmì “-” ni a fi ń mọ̀ ọ́n: i5-7200U jẹ́ ìran keje, kò wọlé, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, ó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà gbọ́dọ̀ di èyí mú dáadáa, nítorí “i7” ni ọlọ́jà máa ń fi polówó, bẹ́ẹ̀ i7-6600U kò lè wọlé síbi tí i3-8130U ń wọ̀. Kí a ṣí Settings lójú ọlọ́jà, kí a lọ sí System, lẹ́yìn náà About, kí a ka nọ́ńbà náà fúnra wa kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà tí kò bá wọlé kò tíì di pàǹtí. Microsoft ṣètò àfikún àtúnṣe ààbò fún Windows 10 tí yóò parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Owó rẹ̀ jẹ́ 30 dọ́là, àmọ́ ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í san án. Àwọn kan ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbé Windows 11 sórí kọ̀ǹpútà tí kò yẹ. Microsoft ti sọ pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, èyí tó sọ gbogbo làálàá náà di asán. Linux Mint, ètò mìíràn tó lè rọ́pò Windows, sàn jù ú lọ: ọ̀fẹ́ ni, àtúnṣe rẹ̀ ń wọlé, kọ̀ǹpútà àgbà sì ń gbé e, bí onítọ̀hún bá lè fi LibreOffice rọ́pò Word.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí Windows 11, kí ó da fáìlì rẹ̀ kọ sórí dísíìkì mìíràn, kí bátìrì kún, nítorí iná tó bá lọ láàárín iṣẹ́ náà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí nǹkan kan kò bá sì bá a mu lẹ́yìn náà, ọjọ́ mẹ́wàá ni Windows 11 fi ń gbani láyè láti padà láti inú Settings, ní abẹ́ Recovery. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò pa fáìlì àtijọ́ rẹ́, àfi kí a tún Windows 10 fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.