Síso preamp máìkì tó dá dúró mọ́ audio interface

Preamp máìkì ni ẹ̀rọ tó ń gba iná kínkín tó ń ti inú máìkì jáde, tó sì ń sọ ọ́ di alágbára tó láti gbà sílẹ̀. Audio interface ni ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà; ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ní preamp tirẹ̀ nínú. Àwọn kan ṣì máa ń lo èyí tó dá dúró nítorí pé ariwo abẹ́lẹ̀ rẹ̀ lè kéré, nítorí pé ó lè lágbára tó fún máìkì tí ohùn rẹ̀ kò ròkè, tàbí nítorí pé wọ́n fẹ́ràn bí tiransifọ́mà tàbí túùbù inú rẹ̀ ṣe ń yí ohùn padà. Síso àwọn méjèèjì pọ̀ kò gbà ju wáyà kan lọ. Ibi tí wáyà náà yóò wọ̀ lára interface ló máa ń da iṣẹ́ rú, torí ihò tí ojú kọ́kọ́ ń lọ sí kì í sábà jẹ́ èyí tó yẹ.

== Ìwọ̀n máìkì àti ìwọ̀n láìnì ==

Máìkì dáínámíìkì tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ sí nítòsí kì í mú ju mílífóltì díẹ̀ jáde. Ìwọ̀n láìnì tí àwọn sitúdíò ń lò, +4 dBu (dB ni wọ́n fi ń wọn agbára ohùn), jẹ́ fóltì 1.23. Láti mílífóltì 1.23 dé fóltì 1.23 jẹ́ ìlọ́po 1,000, ìyẹn 60 dB, iṣẹ́ tí preamp ń ṣe sì nìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ orin inú ilé ń lo −10 dBV, fóltì 0.316, tó fi nǹkan bíi 12 dB rẹlẹ̀ sí ti sitúdíò. Bí interface bá fúnni láyè láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì, +4 ni a ń yàn fún preamp sitúdíò.

Ohun tó bá ti jáde lẹ́yìn preamp ti di ìwọ̀n láìnì. Kò tún nílò preamp kejì.

== Ihò tó yẹ ==

Iwájú ọ̀pọ̀ interface ní ihò alápapọ̀, tó ń gba XLR (plọ́ọ̀gì máìkì alábẹ́rẹ́ mẹ́ta), tó sì ń gba plọ́ọ̀gì 6.35 mm ní àárín. Lára púpọ̀ nínú wọn, XLR ń lọ sínú preamp interface, plọ́ọ̀gì 6.35 mm sì ń lọ sí ọ̀nà láìnì. Wáyà XLR sí XLR láti ẹ̀yìn preamp yóò wọ ihò yìí dáadáa láìsí wàhálà, ohùn á sì jáde, ìdí sì nìyẹn tí àṣìṣe náà fi ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Preamp méjì ti wà lórí ara wọn báyìí. Ohùn lè máa fọ́ kódà nígbà tí gain (ibi tí a ti ń yí agbára ohùn sókè) lára interface wà nílẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá sì tìtorí ìyẹn dín agbára preamp àkọ́kọ́ kù, ariwo preamp kejì yóò gba iwájú, àǹfààní ohun tí wọ́n fi owó rà yóò sì sọnù.

Ihò láìnì ni kí a lò. Èyí tó dára jù ni èyí tó wà lẹ́yìn interface tí kò ní gain kankan, torí pé ó sábà máa ń lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń sọ ohùn di nọ́ńbà. Ihò tí insert (ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ mìíràn sáàárín ọ̀nà ohùn) fi ń gba ohùn padà náà dára bákan náà, bí interface bá ní in. Lára àwọn interface kékeré, ihò láìnì ṣì ń gba inú preamp kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ti dín ohùn kù. Ní irú ibẹ̀, kí gain wà nílẹ̀ pátápátá. Súwíìṣì Inst tàbí Hi-Z gbọ́dọ̀ wà ní pípa: gìtá ló wà fún, ohùn tó tó ìwọ̀n láìnì sì máa ń fọ́ níbẹ̀ kíákíá.

== Wáyà ==

Bí preamp bá ní XLR lẹ́yìn, wáyà tí a nílò ní XLR abo ní apá kan àti TRS 6.35 mm (plọ́ọ̀gì tó ní ṣónṣó, òrùka àti ìdí) ní apá kejì. Abẹ́rẹ́ 2 ń lọ sí orí ṣónṣó TRS, abẹ́rẹ́ 3 sí òrùka àárín, abẹ́rẹ́ 1 sí ìdí. Plọ́ọ̀gì TS, tí kò ní òrùka àárín, yóò so abẹ́rẹ́ 3 mọ́ ilẹ̀ (ground). Preamp tó ní tiransifọ́mà ní ẹnu ìjáde lè gba èyí láìsí ìyọnu. Àwọn mìíràn yóò pàdánù 6 dB, àwọn kan yóò sì máa gbóná torí pé a ti so ìdajì agbára wọn mọ́ ilẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wáyà TS kò lè lé ariwo tó bá wọ inú rẹ̀ lọ́nà dànù.

== Iná phantom 48 V ==

Iná phantom ni iná tó ń gba inú wáyà máìkì lọ sí máìkì kóńdíńsà, tó nílò iná kó tó ṣiṣẹ́. Preamp tí máìkì wà lára rẹ̀ ló ń fún un níná. Ti interface gbọ́dọ̀ wà ní pípa, kí 48 V má baà padà wọ ẹnu ìjáde preamp. Ọdún 1966 ni ilé iṣẹ́ Neumann ṣe máìkì KM 84 fún ilé iṣẹ́ rédíò Nọ́wè, NRK, tó ti ní iná 48 V nínú sitúdíò rẹ̀ fún gílóòbù pàjáwìrì. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà yìí ti wá. Kí a tó yọ wáyà tàbí kí a tó kì í bọ̀ ọ́, ó yẹ kí a pa iná náà, kí a dúró fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ohùn sípíkà sì wà nílẹ̀ pátápátá. Máìkì ríbọ́ǹ lè bàjẹ́ bí wáyà rẹ̀ kò bá pé.

Àwọn ẹ̀rọ kékeré bíi Cloudlifter kò sí lábẹ́ òfin yìí. Iná phantom láti ara interface ni wọ́n ń lò, nǹkan bíi 25 dB ni wọ́n ń fi kún ohùn, ohun tó ń jáde níbẹ̀ sì ṣì wà ní ìwọ̀n máìkì. Ihò máìkì ni tiwọn.

== Títo agbára ohùn ==

Kí ẹni tó fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ kọrin tàbí sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ròkè jù. A ó yí gain preamp sókè títí ṣónṣó ohùn fi dé àárín −12 àti −6 dBFS nínú kọ̀ǹpútà (0 ni òkè pátápátá tí ohùn kò lè kọjá). Ohùn lásán yóò wà ní nǹkan bíi −18.

Ìṣòro kan wà tí kì í hàn lára àwọn iná àmì. Preamp ńlá lè gbé ohùn jáde dé +24 dBu, fóltì 12.3, nígbà tí ihò láìnì interface púpọ̀ kò gbà ju +16 sí +20 lọ. Interface yóò ti máa fọ́ ohùn nígbà tí preamp kò tíì rí iṣẹ́ gidi ṣe. Ẹni tó fẹ́ kí tiransifọ́mà tàbí túùbù ṣiṣẹ́ dáadáa yóò yí gain sókè, yóò sì dín ìjáde kù lára preamp. Bí preamp kò bá ní ibi tí wọ́n ti ń dín ìjáde kù, a lè fi pad (ohun kékeré tó ń dín ohùn kù) 10 tàbí 20 dB sáàárín wáyà. Dídín fader kù nínú kọ̀ǹpútà kò lè tún ohùn tó ti fọ́ ṣe.

== Ọ̀nà nọ́ńbà ==

Àwọn preamp kan ń gbé ohùn tó ti di nọ́ńbà jáde, nípasẹ̀ ADAT tàbí S/PDIF. Preamp tó ní ADAT lè gbé ohùn 8 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ lórí wáyà onímọ́lẹ̀ (optical) kan ní 44.1 tàbí 48 kHz, àti 4 ní 96 kHz. Ohùn 2 ni S/PDIF ń gbé, wáyà 75 Ω ló sì ń lò. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa darí aago (clock) tí nọ́ńbà ohùn ń tẹ̀lé. Ìkejì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, kí iye kHz wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ń lo aago ara wọn, ohùn á máa ta pọ́-pọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

== Nígbà tí nǹkan kò bá lọ déédéé ==

Bí ohùn kò bá wọlé rárá, ó dára kí a kọ́kọ́ wo ihò tí a yàn nínú kọ̀ǹpútà: ihò ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ 3 àti 4, kì í ṣe 1. Bí ìró hùn-ùn 50 tàbí 60 Hz bá wà lábẹ́, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ẹ̀rọ méjèèjì máa yíra ká. Síso wọn mọ́ bọ́ọ̀dù iná kan náà sábà máa ń pa á. Bí kò bá pa á, a lè gé abẹ́rẹ́ 1 ní apá interface nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ áàtì (wáyà ilẹ̀) kúrò lára plọ́ọ̀gì iná. Ó lè pani.

Bí máìkì kan bá gba preamp tó dá dúró kọjá, tí èkejì sì gba ti inú interface, tí wọ́n ń gba ohun kan náà sílẹ̀, tí ohùn sì tín-ín-rín nígbà tí a pa wọ́n pọ̀, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ 2 àti 3 ti yípo nínú ọ̀kan lára àwọn wáyà náà. Bọ́tìnì Ø lára preamp, tó ń yí abẹ́rẹ́ 2 àti 3 sí ipò ara wọn, ni a fi ń mọ̀: bí ohùn bá kún nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, wáyà ló yẹ kí a tún ṣe.