Kí ló ń ṣe fuzz àtijọ́ nínú modeler? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Modeler ni ẹ̀rọ dígítà tó ń sín ohùn pedal (àpótí kékeré tí onígìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà) àti amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè) jẹ. Ó ń ṣe dáadáa lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n tó bá ti kan fuzz, ìyẹn pedal tó ń mú ohùn gìtá ya, ẹjọ́ máa ń pọ̀. Ohun tí àwọn onígìtá máa ń bi mí léraléra nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn.

Kí gan-an ni fuzz ń ṣe sí ohùn gìtá?

Ó ń bẹ́ ẹ lórí. Okùn gìtá tó ń gbọ̀n máa ń rán iná kékeré kan jáde, tó ń rọra gòkè, tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbì omi. Fuzz á sọ ìgbì yẹn di ńlá débi pé ẹ̀rọ ò ní gbà á mọ́, orí rẹ̀ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Títẹ́ tó tẹ́ yẹn ni etí wa ń gbọ́ bí ohùn tó ya, tó ń kùn bí oyin tó há sínú agolo.

Àṣìṣe ló bí i. Ní nǹkan bí ọdún 1960, ní Nashville lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ń gba orin Marty Robbins kan sílẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀nà kan lára míkísà bàjẹ́, ni ohùn gìtá báàsì Grady Martin bá ya jáde. Glenn Snoddy tó ń gba ohùn náà sílẹ̀ kò jẹ́ kó lọ lásán. Òun àti Revis Hobbs fi transistor, ohun kékeré tó ń sọ iná di ńlá, ṣe ẹ̀rọ tó lè mú irú ohùn yẹn jáde nígbàkígbà, Gibson sì gbé e jáde ní 1962 pẹ̀lú orúkọ Maestro FZ-1 Fuzz-Tone. Bátìrì kéékèèké méjì, 1.5 volt ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Ọdún 1965 ni ayé tó mọ̀ ọ́n dáadáa, nígbà tí Keith Richards fi ta gìtá nínú orin "Satisfaction" ti Rolling Stones.

Ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo fuzz àtijọ́?

Rárá o. Ohùn FZ-1 tín-ín-rín, ó sì ń ha. Fuzz Face tí Arbiter ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, tí onígìtá Jimi Hendrix lò, nípọn jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ transistor méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Big Muff ti Electro-Harmonix, tó dé ní 1969, ní transistor mẹ́rin, ohùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ nílẹ̀ kó tó kú. Ẹ mọ èyí tó wà nínú orin tí ẹ ń lé kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo yan Fuzz Face nínú modeler mi, mo yan amp tó yẹ, síbẹ̀ kò jọ ọ́. Kí ló fà á?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Fuzz Face kì í dá iṣẹ́ ṣe. Òun àti gìtá tí wáyà rẹ̀ wọ inú rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe ohùn yẹn.

Ẹ wo bó ṣe rí. Gbogbo ẹ̀rọ tí a ń ki wáyà gìtá bọ̀ ló ní bí ẹnu rẹ̀ ṣe le tó sí iná tó ń wọlé. Òun ni wọ́n ń pè ní impedance. Ohm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ti ọ̀pọ̀ amp máa ń tó 1,000,000 ohm, ìyẹn ni pé wọn kì í fa nǹkan kan lára gìtá. Ti Fuzz Face kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Ńṣe ló ń fa iná lára pickup, ìyẹn ohun tó wà lábẹ́ okùn gìtá tó ń sọ gbígbọ̀n wọn di iná, bí ẹni ń fa omi. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé yí olóòfà inú pickup ká, lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà, kì í jẹ́ kí ohùn òkè kọjá tí nǹkan bá ń fà á báyẹn. Nítorí náà, ohùn tó mú ti rọ̀ kó tó dé inú fuzz rárá.

Ẹ wá yí volume ara gìtá láti 10 sí 7. Ìdènà tuntun ti bọ́ sáàárín pickup àti fuzz nìyẹn. Yíya náà á lọ sílẹ̀ lójijì, ohùn òkè á sì padà wá, gìtá á máa dún bí agogo. Ọ̀pọ̀ lára ohùn mímọ́ tí ẹ̀ ń gbọ́ lọ́wọ́ Hendrix, ibẹ̀ ló ti ń wá. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ohunkóhun.

Bí modeler ò bá mọ̀ nípa fífà yìí, àwòrán Fuzz Face tó péye lè wà nínú rẹ̀ kó sì má dún bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn modeler bíi Helix ti Line 6 àti Axe-Fx III ti Fractal Audio fi ní ibi tí a ti ń yí impedance ẹnu wọn. Tó bá wà lórí auto nínú Helix, ohun tó wà níwájú pátápátá ló ń wò. Ẹ fi fuzz síwájú, kí nǹkan kan má ṣíwájú rẹ̀.

Èmi gan-an fi ọ̀sẹ̀ méjì yí bọ́tìnnì kiri lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo nǹkan tọ́, ohùn náà ń ta etí bí abẹ́rẹ́. Wireless, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá lọ láìsí wáyà, ni mo ń lò. Pickup mi ò tilẹ̀ fojú kan modeler. Ẹ̀rọ wireless ló ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì sí bí modeler ṣe lè fa ohun tí kò kàn án. Mo yọ ọ́, mo ki wáyà bọ̀ ọ́ tààrà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mi ò fẹ́ gbé gìtá sílẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí Fuzz Face méjì fi máa ń yàtọ̀ síra?

Germanium ni, ohun tí wọ́n fi ṣe transistor ìgbà yẹn. Wọn kì í bára dọ́gba, ooru sì máa ń jẹ́ kí iná jò nínú wọn, kí ohùn máa já jánjàn-jànjàn tàbí kó tiẹ̀ pa. Silicon tí wọ́n lò lẹ́yìn náà ò bẹ̀rù ooru tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mú jù. Pedal kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣe modeler yín gbé sórí tábìlì, bí ó sì ṣe rí lọ́jọ́ náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá rí bias, ibi tí a ti ń yí iná tó ń lọ sínú transistor, nínú rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù láti yí i.

Mo ń gbọ́ ìfé kan lábẹ́ ohùn nígbà tí mo bá ta okùn òkè. Kí ni?

Ẹ ò ṣìgbọ́. Modeler tó ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ò lè gbé ohùn tó bá ju 24,000 Hz lọ (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Fuzz ò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó ń bí ohùn lórí ohùn, tó ń gòkè ṣáá. Èyí tó bá kọjá ààlà á ṣẹ́rí padà: ohùn 45,000 Hz á yọjú ní 3,000 Hz, níbi tí kò ti bá orin mu rárá. Ẹ fa okùn kan sókè díẹ̀díẹ̀. Tí ohùn gìtá bá ń lọ sókè tí ìfé náà ń bọ̀ nílẹ̀, òun nìyẹn. Modeler tó dára máa ń fi ìlọ́po iye ìgbà tó ń ka ohùn yẹn ṣe ìṣirò fuzz láti dín in kù. Tí tiyín ò bá ṣe é, ẹ dín fuzz àti tone ara gìtá kù.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ pa noise gate, ìyẹn ohun tó ń pa ariwo mọ́ nígbà tí ohùn bá rẹlẹ̀. Ó ń gé ìrù ohùn, ìrù yẹn sì wà lára adùn rẹ̀. Ẹ yan amp tó ti fẹ́ máa ya fúnra rẹ̀, torí fuzz lórí amp tó mọ́ tónítóní máa ń gbẹ. Ẹ má yọ àwòrán sípíkà kúrò: sípíkà gìtá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohun tó bá ti ju bí 5,000 Hz lọ, òun ló ń bá wa sé oyin inú agolo yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ta okùn kan, ẹ jẹ́ kó máa dún, kí ẹ rọra yí volume gìtá láti 10 sí 6. Bí ohùn náà bá ń là bí ẹni ṣí fèrèsé, ẹ ti dé ibẹ̀. Bó bá kàn rẹlẹ̀ lásán, ẹ padà lọ wo ohun tó wà láàárín gìtá àti fuzz.