Èédú Ilẹ̀, Háídrójìn àti Gáàsì Tí Wọ́n Ń Rì Mọ́lẹ̀: Ìbéèrè Àwọn Ará Okun

Láti ìgbà tí a ti gbọ́ lórí rédíò pé ènìyàn lè fi èédú ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná láìsí èéfín ni àwọn ará Kabba, Ìyàrà àti Ìsánlú, ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ti ń béèrè bóyá òótọ́ ni.

Ṣé èédú tí à ń fi dáná ni?
Rárá. Èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ní Okaba, lágbègbè Ankpa, ní òdìkejì odò Ọya ni.

Báwo ni háídrójìn, gáàsì tó ń jó láìsí èéfín, ṣe ń ti ara èédú jáde?
Wọn kì í sun ún di eérú. Inú àgbá irin ńlá ni wọ́n ti ń fi ooru líle, èéfín omi híhó àti ọ́síjìn díẹ̀ sọ ọ́ di gáàsì méjì: háídrójìn àti kábọ́nì mónósáìdì, èyí tí ó máa ń pa àwọn tí ó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá. Bí wọ́n bá tún fún un ní èéfín omi, gáàsì apani yìí yóò yí padà di kábọ́nì dáyọ́kísáìdì, gáàsì tó ń mú kí ayé máa gbóná, háídrójìn yóò sì pọ̀ sí i, nítorí pé háídrójìn wà nínú omi pẹ̀lú. Wọn yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀: háídrójìn yóò máa yí ẹ̀rọ amúnáwá, wọn yóò sì fún èkejì pọ̀, wọn yóò gba inú páìpù rì í sínú ilẹ̀ tó jìn ju 800 mítà lọ.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe é rí?
Wọ́n ti ṣe é ní ẹyọ-ẹyọ. Norway ti ń rì kábọ́nì dáyọ́kísáìdì sínú ilẹ̀ abẹ́ òkun ní Sleipner, ibi tí wọ́n ti ń wa gáàsì, láti ọdún 1996, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe ara èédú. Ìṣòro wà níbi tí a ti fẹ́ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójú kan. Amẹ́ríkà kéde FutureGen, ilé iṣẹ́ iná tí yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, ní 2003, wọ́n yan ìlú Mattoon ní Illinois fún un ní 2007, ìjọba sì yọwọ́ ní 2008 nítorí pé owó ń gorí owó. Ilé iṣẹ́ Kemper ní Mississippi ná ju bílíọ̀nù 7 dọ́là lọ kí wọ́n tó pa iṣẹ́ èédú ibẹ̀ tì ní 2017.

Ṣé wọ́n lè rì í sábẹ́ ilẹ̀ wa?
Àpáta líle ló wà lábẹ́ Mopa, Ẹgbẹ́ àti Kabba, kò sì ní ihò wẹ́wẹ́ tí gáàsì lè wọ̀ sí. Òkúta oníyanrìn tí òkúta amọ̀ nípọn dé lórí ni wọ́n ń wá, ìhà ibi tí èédú wà ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ sí.

Ṣé kábọ́nì dáyọ́kísáìdì tí wọ́n ń rì yìí lè pa ènìyàn?
Bí ó bá pọ̀ lójú kan, ó lè pa á. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà inú àfonífojì ló máa ń dúró sí. Ní 2020, páìpù tó ń gbé e bẹ́ nítòsí Satartia ní Mississippi. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ènìyàn 45 dé ilé ìwòsàn.

Kí ni kí a ṣe bí wọ́n bá wá tọrọ ilẹ̀?
Kí àwọn ọba àti olórí ẹbí má tọwọ́ bọ ìwé kí wọ́n tó mọ ọ̀nà tí páìpù yóò gbà, ibi tí gáàsì yóò sùn sí, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ bá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Kí wọ́n tún béèrè nípa kòtò tí wọ́n bá gbẹ́ àti odò tí a ń pọn, nítorí pé gáàsì nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń mú.