Kastom: àṣà ìbílẹ̀ àti ọ̀làjú òde òní ní Vanuatu

Kastom ni orúkọ tí àwọn ará Vanuatu ń pe ohun gbogbo tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn: oyè, ijó, ìtàn, òfin ìgbéyàwó, oògùn àti ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀. Vanuatu jẹ́ orílẹ̀-èdè oní-erékùṣù bíi 80 ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Òkun Pàsífíìkì. Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 ka ènìyàn 300,019 níbẹ̀. Port Vila, ní erékùṣù Efate, ni olú-ìlú rẹ̀. Ó gba òmìnira ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1980 lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé, tí wọ́n ti jọ ń ṣàkóso rẹ̀ láti ọdún 1906 lábẹ́ orúkọ New Hebrides.

Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà, kastom, ti wọ Bislama, èdè àjùmọ̀lò orílẹ̀-èdè náà, èyí sì ṣe pàtàkì. Nígbà tí erékùṣù kọ̀ọ̀kan wà ní ààyè ara rẹ̀, ìṣe ibẹ̀ kò nílò orúkọ kan ṣoṣo tí a ó fi kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí míṣọ́nnárì, oníṣòwò àti ìjọba àjèjì dé ni ó di dandan láti fún ohun tí kì í ṣe tiwọn ní orúkọ. Ó jọ pé ìgbà kan náà ni kastom àti ìgbàlódé di mímọ̀ níbẹ̀.

Àwọn èdè

Àwọn onímọ̀ èdè ka èdè ìbílẹ̀ tó 138 ní Vanuatu. Bí a bá fi iye ènìyàn díwọ̀n rẹ̀, kò sí orílẹ̀-èdè tí èdè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Ẹbí kan ni gbogbo wọn, ìyẹn ẹbí Oceanic, tí ó jẹ́ ẹ̀ka Austronesian. Nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó gúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò alámì tí a mọ̀ sí Lapita. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èdè wọ̀nyí ni kò ní ju ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí ń sọ ọ́ lọ, àwọn àgbàlagbà díẹ̀ nìkan ni wọ́n sì kù sídìí àwọn mìíràn.

Bislama gba orúkọ rẹ̀ láti ara bêche-de-mer, ohun abẹ̀mí inú òkun kan tí àwọn oníṣòwò máa ń sá gbẹ kí wọ́n tó kó o lọ sí Ṣáínà. Inú ọkọ̀ ojú omi àti oko ìrèké Queensland ní Ọsirélíà ni ó ti gbilẹ̀. Láti ọdún 1863 títí di 1904 ni wọ́n ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ erékùṣù lọ síbẹ̀, àwọn kan nípa àdéhùn, àwọn mìíràn nípa ẹ̀tàn tàbí ipá. Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà gírámà rẹ̀ fi ara jọ ti àwọn èdè erékùṣù. Arọ́pò-orúkọ rẹ̀ ló fi èyí hàn jù: yumi ni “àwa” tí ó kan ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, mifala sì ni “àwa” tí kò kàn án. “Àwa” ti Yorùbá kò ya méjèèjì sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gẹ̀ẹ́sì. “Yumi, Yumi, Yumi” ni àkọlé orin orílẹ̀-èdè Vanuatu. Láti inú àkọlé náà nìkan ni ọmọ erékùṣù èyíkéyìí ti mọ̀ pé wọn kò yọ òun sílẹ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ fi Bislama ṣe èdè orílẹ̀-èdè, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe èdè ẹ̀kọ́. Ìlànà tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 2012 fàyè gba èdè abínibí tàbí Bislama ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ilé-ìwé. Ewu tí ó kù wà nínú ilé. Ní Port Vila, bí bàbá bá ti erékùṣù kan wá tí ìyá sì ti òmíràn wá, Bislama ni ọmọ wọn sábà máa ń gbọ́, èdè méjèèjì a sì dúró lẹ́nu òbí.

Ìtàn Roi Mata

Kò sí ibi tí ìtàn àtẹnudẹ́nu ti fi agbára rẹ̀ hàn bí ó ti hàn nínú ọ̀ràn Roi Mata, olóyè ńlá kan ní Efate. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé òun ni ó fòpin sí ogun abẹ́lé. Ó pe gbogbo ènìyàn síbi àsè, ó ní kí olúkúlùkù mú ohun kan wá, bí iṣu, àgbọn tàbí ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn tí ohun tí wọ́n mú wá bára mu di ìbátan, wọn kò sì gbọdọ̀ bára wọn jà mọ́. Ìdílé wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní naflak, ṣì wà títí di òní, ọ̀nà ìyá sì ni ọmọ ń gbà jogún wọn.

Ìtàn náà tún sọ pé nígbà tí ó kú, wọ́n sin ín sí erékùṣù kékeré Artok pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn, láti ìgbà náà ni Artok sì ti di èèwọ̀ láti gbé. Ní ọdún 1967, José Garanger, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì walẹ̀ níbi tí wọ́n júwe. Ó bá ibojì náà níbẹ̀, pẹ̀lú òkú bíi 50 tí wọ́n wọ ọ̀ṣọ́. Nǹkan bí ọdún 1600 ni wọ́n fojú bù ú sí. Ó ju ọ̀rúndún mẹ́ta lọ tí ẹnu fi ń gbé e fún ẹnu láìsí ìwé. UNESCO fi ilẹ̀ Roi Mata sára Ogún Àgbáyé ní ọdún 2008.

Àwọn filwoka

Ilé-iṣẹ́ àṣà orílẹ̀-èdè náà ní àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn káàkiri erékùṣù tí wọ́n ń pè ní filwoka. Wọ́n ń gba ìtàn, orin àti orúkọ nǹkan sílẹ̀ ní èdè tiwọn, wọ́n sì ń péjọ lọ́dọọdún. Onímọ̀ èdè Darrell Tryon bẹ̀rẹ̀ sí í darí ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ọdún 1981. Ti àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí jù ni bí wọ́n ti ń tọ́jú ohùn tí wọ́n gbà. Yàrá kan wà tí wọ́n ń pè ní Tabu Rum, níbi tí ẹni tí ó ni ìtàn ti lè pàṣẹ pé kí ìdílé òun, tàbí obìnrin, tàbí ọkùnrin nìkan máa gbọ́ ọ. Báyìí ni awo ṣe bá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́ láìtú síta.

Láti ọdún 1985 sí 1994, ìjọba fòfin de ìwádìí àwọn onímọ̀ àjèjì lórí àṣà. Nígbà tí ó ṣí i padà, ó di dandan kí olùwádìí bá ọmọ ibẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ó sì fi ohun tí ó wúlò sílẹ̀ fún ìlú tí ó gbà á lálejò.

Àwòrán orí iyanrìn wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́jú. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń fa ilà tí kì í já, láìgbé e sókè, títí àwòrán yóò fi pé. Ó ń gbé ìtàn àti ìmọ̀ pamọ́, àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ sí ara wọn sì ń fi í bára wọn sọ̀rọ̀. Ọdún 2003 ni UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àrà nínú ogún ìran ènìyàn.

Ilẹ̀ àti oyè

Lábẹ́ ìjọba àjùmọ̀ṣe Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, ọlọ́pàá jẹ́ méjì, ọgbà ẹ̀wọ̀n jẹ́ méjì, ọmọ onílẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè kankan. Òfin ìpìlẹ̀ òmìnira dá gbogbo ilẹ̀ padà fún àwọn tí kastom fi jẹ́ oní-in àti ìran wọn. Ó tún fìdí Malvatumauri, ìgbìmọ̀ àwọn olóyè, múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣeé yá fún ọdún 75, púpọ̀ nínú etíkun Efate sì ti bọ́ sọ́wọ́ àjèjì lọ́nà bẹ́ẹ̀. Òfin tuntun tí Ralph Regenvanu, mínísítà ilẹ̀ nígbà náà, darí ní ọdún 2013 gbé ìdájọ́ lórí ẹni tí ó ni ilẹ̀ padà sí nakamal, ilé ìpàdé ìbílẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀, ẹní àti kava

Ní àwọn erékùṣù àríwá, pípa ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń gòkè nínú oyè. Wọ́n máa ń yọ eyín òkè akọ ẹlẹ́dẹ̀ kí ti ìsàlẹ̀ lè ráyè ká bí ẹ̀gbà ọwọ́. Eyín yìí wà lórí àsíá orílẹ̀-èdè. Ní àríwá erékùṣù Pentecost, ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ Turaga dá báńkì Tangbunia sílẹ̀, níbi tí eyín ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ́ owó. Ìjọba sì fi ọdún 2007 ṣe ọdún ètò ọrọ̀-ajé ìbílẹ̀.

Kava, omi gbòǹgbò tí ń mú ara rọ̀, jẹ́ ti àwọn ọkùnrin inú nakamal tẹ́lẹ̀. Lónìí, ilé tí wọ́n ti ń tà á ní Port Vila ni wọ́n ń pè ní nakamal, obìnrin náà sì ń wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìjọ àti obìnrin

Kristẹni ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀. Àlùfáà Áńgílíkà ni Walter Lini, olórí ìjọba àkọ́kọ́. Ní erékùṣù Tanna, àwọn míṣọ́nnárì Presbyterian fòfin de kava àti ijó. Ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní John Frum, tí ó yọjú ní nǹkan bí ọdún 1940, dá méjèèjì padà.

Àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun ẹní pupa tí a fi ń ṣe ìgbéyàwó àti oyè ní Pentecost àti Ambae, síbẹ̀ wọn kò pọ̀ ní ilé aṣòfin. Ìdìbò 2016 àti 2020 kò mú obìnrin kankan wọlé; Gloria Julia King wọlé ní 2022.