Ta Ló Jẹ Gbèsè Ilẹ̀ Nauru? Bí Ìṣirò Àtúnṣe Ilẹ̀ Ìwakùsà Ṣe Ń Lọ Nígbà Tí Ìlú Bá Gba Òmìnira

Erékùṣù kékeré ni Nauru, láàárín Òkun Pàsífíìkì, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 21 lọ. Orí òkè erékùṣù náà, ibi tí wọ́n ń pè ní Topside, ni fọ́sífeètì wà, ìyẹn kùsà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Kò rì sísàlẹ̀ bíi góòlù tàbí èédú. Ó kún àlàfo tó wà láàárín àwọn òpó òkúta ẹfun tí iyùn inú òkun ayé àtijọ́ dà.

Awakùsà á kọ́kọ́ ṣán igbó, á gé igi, á ká erùpẹ̀ ọlọ́ràá kúrò lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ á wá máa fi ọwọ́ irin bu kùsà láàárín òpó kan sí èkejì. Nígbà tí kùsà bá tán, òpó òkúta nìkan ló kù ní ìdúró, funfun, ṣóńṣó, wọ́n súnmọ́ra bí eyín, òmíràn sì ga ju òrùlé ilé lọ. Ibẹ̀ kò ṣe é dáko, kò ṣe é kọ́lé, kò tilẹ̀ ṣe é rìn kọjá. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ Nauru ni ìwakùsà ti kàn báyìí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ta ni yóò sanwó àtúnṣe rẹ̀, pàápàá nígbà tí ìjọba tó wa púpọ̀ nínú kùsà náà ti kẹ́rù kúrò nílùú, tí onílùú sì ti gba òmìnira.

Kí ìdáhùn tó yé èèyàn, ó ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń tà á. Jámánì ló kọ́kọ́ gba erékùṣù náà ní 1888. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń wọlé ni Albert Ellis yẹ òkúta kan wò ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Sydney, òkúta Nauru tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró, ó sì rí i pé ojúlówó fọ́sífeètì ni. Ní 1907, ọkọ̀ òkun ti ń kó o lọ. Eépìnnì kan, ìdajì kọ́bọ̀, ni onílẹ̀ ń gbà lórí tọ́ọ̀nù kan. Ogun 1914 bẹ̀rẹ̀, Ọsirélíà gba erékùṣù náà lọ́wọ́ Jámánì. Ní 1919, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà àti New Zealand tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn láàárín ara wọn: ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún kùsà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, 42 ti Ọsirélíà, 16 ti New Zealand. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, British Phosphate Commissioners, pé kó máa wà á, kó sì máa tà á fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní iye tó ná wọn láti wà á, láìlé èrè kankan lé e.

Gbólóhùn nípa iye owó yìí ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n bá ń ta ọjà láìjèrè, kò ní sí èrè kankan nínú ìwé ìṣirò. Ibi tí kò bá sì ti sí èrè, kò sí ìkòkò tí èèyàn lè bu owó àtúnṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè wà o. Inú oko àwọn àgbẹ̀ Ọsirélíà àti New Zealand ló wà: ajílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú, koríko tútù yọ̀yọ̀, màlúù àti àgùntàn tó sanra. Kùsà Nauru ló di ọrọ̀ ìlú ibòmíràn. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Àwọn ará Nauru kọ́ ló ta tiwọn lọ́pọ̀, ẹlòmíràn ló bá wọn tà á.

Lábẹ́ òfin àgbáyé, ẹlòmíràn yìí kì í ṣe onílé. Alágbàtọ́ ni. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ló fa Nauru lé wọn lọ́wọ́, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì tún fà á lé wọn lọ́wọ́ ní 1947, pé kí wọ́n máa tọ́ ọ títí yóò fi lè dá dúró. Ọsirélíà ló ń ṣàkóso níbẹ̀ lórúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alágbàtọ́ tó bá ta ogún ọmọ ní láti jíhìn nígbà tí ọmọ bá dàgbà. Ìlànà yìí ni Nauru dì mú.

Nígbà tí àwọn ọdún 1960 dé, ó ti hàn gbangba pé ilẹ̀ ń tán. Àwọn alágbàtọ́ dábàá pé kí wọ́n kó gbogbo ará Nauru kúrò lọ sí Curtis Island, ní Queensland. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àbá yìí ì bá ṣe sí gbèsè: bí onílẹ̀ bá ti ṣí lọ, kò sẹ́ni tí yóò máa béèrè àtúnṣe mọ́. Àwọn ará Nauru kọ̀ ọ́ ní 1964, nítorí wọn kò fẹ́ sọnù sínú orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀ láti sọ ilẹ̀ náà di ibi tó ṣeé gbé padà.

Àdéhùn tó kẹ́yìn wáyé ní 1967. Nauru gbà láti ra ẹ̀rọ àti gbogbo ohun èlò ìwakùsà ní mílíọ̀nù 21 dọ́là Ọsirélíà. Èyí ni iye tí òmìnira ná wọn lórí ìwé. Àtúnṣe ilẹ̀ tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ kò sí nínú àdéhùn náà. (Ẹni tó bá mọ agbègbè Jos ti rí irú rẹ̀: àwọn adágún tí ìwakùsà tánganran fi sílẹ̀ láyé Òyìnbó ṣì wà níbẹ̀.) Ṣùgbọ́n Hammer DeRoburt, olórí wọn, tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́, ṣe ohun kan tó gbọ́n gan-an. Ó fa ìlà sórí kàlẹ́ńdà níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ilẹ̀ tí wọ́n bá wà láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1967 síwájú, Nauru ló ń jèrè rẹ̀, Nauru ni yóò tún un ṣe. Èyí tí wọ́n ti wà ṣáájú, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta erékùṣù, ọrùn àwọn alágbàtọ́ ló wà. Òmìnira dé ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1968, ọjọ́ kan náà tí àwọn ará Nauru tí Jàpáàní kó lọ sí erékùṣù Truk nígbà Ogun Àgbáyé Kejì padà wálé ní 1946.

Ìlà yẹn ló gba ẹjọ́ náà là. Láìsí i, ìjọba tuntun àti ìjọba àtijọ́ ì bá máa ju ẹ̀bi síra wọn títí ayé, nítorí kòtò kì í sọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ní 1986, Nauru gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Christopher Weeramantry, onímọ̀ òfin ará Sri Lanka. Àbájáde rẹ̀ ní 1988 sọ pé ojúṣe àwọn ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ilẹ̀ tí wọ́n wà ṣáájú ìlà náà. Ní oṣù Karùn-ún 1989, Nauru pe Ọsirélíà lẹ́jọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague.

Ọsirélíà ta kò ó pé àwọn méjì yòókù kò sí ní kóòtù, pé ọ̀rọ̀ ti tán nígbà tí Nauru gba òmìnira, pé ọjọ́ sì ti pẹ́ jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 1992, adájọ́ mẹ́sàn-án gbà, mẹ́rin kọ̀: ẹjọ́ Nauru ṣeé gbọ́. Òmìnira kò pa gbèsè rẹ́. Ohun kan péré ni wọ́n yọ kúrò: owó àti dúkìá tí ìgbìmọ̀ kùsà ní lókè òkun, nítorí pé Nauru kò mú un wọ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò tíì dé orí ẹni tó jẹ̀bi nígbà tí Ọsirélíà ní kí wọ́n yanjú rẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Ní oṣù Kẹjọ 1993, ó gbà láti san mílíọ̀nù 107 dọ́là Ọsirélíà: mílíọ̀nù 57 láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 50 tó kù fún ogún ọdún, díẹ̀díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti New Zealand dá mílíọ̀nù 12 mílíọ̀nù 12 sí i. Nínú ìwé àdéhùn náà, Ọsirélíà kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Owó dé, àmọ́ owó nìkan kì í tún ilẹ̀ ṣe. Wọ́n ní láti gé àwọn òpó òkúta náà lulẹ̀, kí wọ́n lọ̀ wọ́n, kí wọ́n fi ìlọ̀ náà tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kí wọ́n tó wá da erùpẹ̀ ọlọ́ràá lé e. Erùpẹ̀ yìí ló ṣòro jù. Èyí tí wọ́n ká kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹnì kankan kò bá tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, ó ti lọ nìyẹn, ilẹ̀ tuntun kò sì ní hù lọ́dún díẹ̀. Òfin 1997 ló dá ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ń ta lára òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fún iṣẹ́ ilé àti ọ̀nà.

Ìdá tó ju ìdajì lọ nínú ilẹ̀ tí wọ́n wà jẹ́ ti Nauru fúnra rẹ̀, ìjọba Nauru ló sì yẹ kí ó jíhìn rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Lẹ́yìn òmìnira, owó kùsà pọ̀ débi pé wọ́n kọ́ ilé alájà 52 sí Melbourne, wọ́n sì ní ọkọ̀ òfuurufú tiwọn. Wọ́n yá owó lé orí ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọjọ́ ọ̀la, wọ́n ná an sórí òwò tí kò mówó wọlé. Ní 2004, nítorí gbèsè, ilé Melbourne bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ará ìlú kò lè pe ìjọba tirẹ̀ lọ sí The Hague, èyí ló sì mú kí apá yìí nira ju ti Ọsirélíà lọ.

Ní báyìí, òkun ń bọ̀ lókè, etí òkun sì ni ọ̀pọ̀ ará Nauru ń gbé. Topside nìkan ni ilẹ̀ gíga tí wọ́n lè ṣí lọ, àwọn òpó òkúta sì ṣì dúró níbẹ̀. Láti 2025 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé ọmọ onílùú fún àjèjì, ó kéré tán dọ́là Amẹ́ríkà 105,000 fún ẹnì kan lọ́dún náà, kí wọ́n lè rówó gbé àwọn èèyàn gòkè.